Architrave etí férémù ilẹ̀kùn: MDF, igi gidi àbí fóòmù? Mélòó ló máa tó?

OnílẹTuntun_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ fi igi ọnà yí férémù àwọn ilẹ̀kùn inú ilé ká, èyí táwọn káfíńtà ń pè ní architrave, kí wọ́n tó kun ọ̀dà ìkẹyìn. Bí ilé ṣe rí nìyí.

Ilẹ̀kùn inú ilé jẹ́ méje. Mẹ́rin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 × 7 (yàrá mẹ́ta àti pálọ̀), mẹ́ta tó kù jẹ́ 2½ × 7 (báfúrúmù méjì àti kíṣíìnì). Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 6 ni wọ́n fi mọ ògiri, wọ́n sì ti rẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Igi oní-íńṣì 2 × 6 ni férémù. Ibi tí férémù àti rírẹ́ ti pàdé ti sán láti òkè délẹ̀, ó fẹ̀ débi pé owó ẹyọ lè wọ̀ ọ́. Táìlì ti wà nílẹ̀, skirting táìlì oní-íńṣì 4 sì ti wà lára ògiri títí kan etí férémù.

Káfíńtà mi ní MDF oní-íńṣì 3 ló dára. Ẹni tó ń ta ohun ẹ̀ṣọ́ ní fóòmù ló wà lóde báyìí. Èwo ni kí n mú? Mélòó ni kí n rà? Ṣé ìṣó ni àbí gọ́ọ̀mù? Kí ni kí n sì ṣe sí skirting yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "bí agbára yín bá ṣe mọ" dá mi lóhùn, ohun tó máa pẹ́ ni mò ń wá.

---

Ọ̀gá_Pákó

Ẹ kú ìnáwó ilé o. Kí a tó débi bátànì, ìdí igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni architrave ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Omi mọ́ọ̀pù ń kàn án níbẹ̀ lójoojúmọ́, ikán sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè. Apá òkè kì í níṣòro.

MDF jẹ́ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ dán, kì í lọ́, kò ní ojú kókó, òun ló fi ń gba ọ̀dà dáadáa. Àmọ́ tí omi bá ti ìdí rẹ̀ wọlé, á wú, bó bá sì gbẹ tán kò ní padà sí bó ṣe wà. Ẹ lò ó fún yàrá àti pálọ̀. Ẹ má lò ó fún báfúrúmù àti kíṣíìnì. Igi gidi ni tibẹ̀: ọ̀gànwó, ìrókò, apá tàbí ìdígbò. Wọ́n lè fẹ́ ta arère tàbí àfàrà funfun fún yín torí pé wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì rọrùn láti fá. Wọn ò burú lábẹ́ ọ̀dà, ṣùgbọ́n kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn wọn, ikán náà ò sì ní kọ̀ wọ́n. Bó bá jẹ́ pé àwọn lapá yín ká, kí wọ́n fi oògùn ikán kun ẹ̀yìn, etí àti ojú ibi tí wọ́n gé lókè nísàlẹ̀ kí wọ́n tó kàn án. Èyí tí wọ́n bá fi kùn ún lẹ́yìn tó ti wà lára ògiri kò dé ibi tí ikán ń gbà. Oògùn Solignum dúdú a máa rú jáde lábẹ́ ọ̀dà funfun, nítorí náà ẹ̀yìn nìkan ni kí ó mọ, tàbí kí ẹ ra èyí tí kò láwọ̀.

WPC náà wà, ike tí wọ́n po mọ́ ìyẹ̀fun igi. Omi kì í ràn án, ikán kì í jẹ ẹ́. Kìkì pé púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ló bá férémù tirẹ̀ wá, ahọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń wọ ihò ara férémù yẹn. Férémù tiyín kò ní ihò, wọ́n máa ní láti gé ahọ́n náà dànù.

Ní ti fóòmù, ojú fèrèsé níta ni mo gbà fún un, níbi tí wọ́n ti ń fi nẹ́ẹ̀tì àti sìmẹ́ǹtì bò ó. Ẹnu ilẹ̀kùn inú ilé tí wọ́n ń gbé àga, gáàsì àti àpótí gbà kọjá? Á ti ní ihò kí ọdún tó yí po. Bí ẹ bá ta kú pé òun náà lẹ fẹ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọ̀dà tí wọ́n fi tápẹ́ńtáìnì pò kùn ún tààrà, torí méjèèjì ló ń yọ́ ọ. POP kò burú lókè, ìdí ni kò lè gba kí ẹsẹ̀ kàn án.

Ó ku iye. Architrave kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí inú férémù gan-an. Ẹ fà á sẹ́yìn ní mílímítà 6, kí ìlà férémù tẹ́ẹ́rẹ́ hàn yí ká. Orí hínjì nílò àyè yẹn, igi méjì tí wọ́n fẹ́ dọ́gba tí wọn ò sì dọ́gba sì máa ń tètè hàn sójú. Tí architrave bá jẹ́ mílímítà 75 (íńṣì 3), gígùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó igun jẹ́ 2100 + 6 + 75, ìyẹn 2181. Ti òkè ilẹ̀kùn 3 × 7 jẹ́ 900 + 12 + 150, ìyẹn 1062. Ti ilẹ̀kùn 2½ jẹ́ 912.

Ọ̀pá MDF sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, mílímítà 2440. Ẹsẹ̀ kan ń gba ọ̀pá kan, ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ kò tó ohunkóhun ṣe. Ọ̀pá kan á fún yín ní òkè méjì. Ilẹ̀kùn 3 × 7 mẹ́rin ní ojú mẹ́jọ: ẹsẹ̀ 16, òkè 8, àpapọ̀ ọ̀pá 20. Ẹ ra 22, torí igun kan á ṣáà bàjẹ́ lójú ayùn.

Igi gidi ń bọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ọ̀pá kan gba ẹsẹ̀ kan àti òkè kan pa pọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́ta tó kù ní ojú mẹ́fà, ẹsẹ̀ 12, nítorí náà ọ̀pá 12. Pákó 1 × 12 × 12 kan (ó nípọn íńṣì 1, ó fẹ̀ íńṣì 12, ó gùn ẹsẹ̀ bàtà 12) kì í fúnni ju ọ̀pá oní-íńṣì 3 mẹ́ta lọ tí wọ́n bá là á tí wọ́n sì fá a tán, torí ohun tí wọ́n ń pè ní íńṣì 12 ní pákó kì í sábà pé. Ẹ ra pákó mẹ́rin, márùn-ún bí ẹ bá rí i pé funfun ẹ̀gbẹ́ igi pọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí táìlì ògiri inú báfúrúmù bá ti dé etí férémù, ẹ má fi architrave sójú inú yẹn rárá. Sílíkóònì ni kí wọ́n fi dí àlàfo ibẹ̀. Ìyẹn dín ọ̀pá mẹ́rin kù.

---

Bíríkìlà_Abẹ́òkúta

Ọ̀gá_Pákó ti là á yé wa, àmọ́ ohun méjì wà nínú ìbéèrè yẹn tí wọ́n fò.

Èkíní ni sísán tó fẹ̀ tó owó ẹyọ. Architrave á bò ó, kò ní wò ó sàn. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ hínjì òkè, kí ẹlòmíì pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lú agbára. Bí férémù bá gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ yín, kò di ògiri mú. Bí wọ́n bá kan architrave mọ́ ọn báyẹn, orí gọ́ọ̀mù igun ló máa kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà etí ògiri á máa ya léraléra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ rírẹ́ tó ti tú kúrò nínú àlàfo náà, kí wọ́n fi èèkàn igi pẹlẹbẹ há férémù ní ẹ̀yìn hínjì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu férémù já sínú ògiri ní ibi mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi fíṣà (ike tí wọ́n ń kì bọ ihò kí síkúrù lè dì mú) àti síkúrù oní-íńṣì 4 dè é. Tí dríìlì bá dédé bọ́ sófìfo, inú búlọ́ọ̀kù ló wọ̀ yẹn. Ẹ sún un sókè tàbí sísàlẹ̀ ní íńṣì 2 títí ẹ fi kan ibi tó le. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn, 1 sí 4, dí àlàfo, kí wọ́n sì wọ́n omi síbẹ̀ kí wọ́n tó dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rírẹ́ àtijọ́ á fa omi inú rẹ̀ mu, á sì tún sán.

Èkejì: igi 2 × 6 tí wọ́n ti fá kì í ju mílímítà 145 lọ. Búlọ́ọ̀kù 150 pẹ̀lú rírẹ́ ojú méjèèjì á tó 175 sí 180. Ibo ni 30 tó ṣẹ́ kù wà? Ó dájú pé férémù yín dọ́gba pẹ̀lú ògiri lójú kan, ó sì rì sínú lójú kejì. Ojú tó rì yẹn, architrave kò lè jókòó lórí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti skirting, ọ̀nà méjì ló wà. Architrave oní-75 tí ẹ fà sẹ́yìn ní 6 á bo nǹkan bí 39 lára ojú férémù tó jẹ́ 45, nítorí náà 36 nìkan ló máa kan ògiri. Ìyẹn ni iye skirting tó wà lọ́nà rẹ̀. Ẹ lè fi gráíńdà gé e kúrò ní ìlà tó dúró ṣánṣán, pẹ̀lú bíléèdì dáyámọ́ńdì. Tàbí kí ẹ gé ìdí architrave kúrú kó dúró lórí skirting. Èyí kejì ni mo fara mọ́ fún ilé tí wọ́n ti parí táìlì: omi mọ́ọ̀pù ò ní kàn án, ẹ ò sì ní fọ́ táìlì kankan.

---

Ẹ̀ṣọ́_Ilé

@Bíríkìlà_Abẹ́òkúta, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn. Skirting táìlì pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ sí mílímítà 15 sí 20. Férémù ò ní skirting lórí, nítorí náà ìdajì ìdí architrave á jókòó lórí táìlì, ìdajì tó kù á rọ̀ sófìfo níwájú férémù. Ẹni tó bá jókòó sórí àga pálọ̀ á máa rí àlàfo yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ gé táìlì náà, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù ìdí sí i. Igi líle ni kí ó jẹ́ bó bá tilẹ̀ jẹ́ MDF ló wà lókè rẹ̀: kó nípọn 25, kó fẹ̀ 82, kó ga 110. Ó nípọn ju skirting lọ, skirting á wá kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kí. Ó ga ju skirting lọ díẹ̀, ìlà òkè wọn ò ní máa bá ara wọn jà. MDF á wá dúró lé e lórí, ó jìnnà sí omi. Gígé táìlì á jẹ́ 43 dípò 36. Ẹ lẹ tépù bébà mọ́ táìlì kí gráíńdà má baà bó ojú rẹ̀, ẹ gé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má fi òòlù lu èyí tó kù. Ìdí búlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀: ẹ fi 2 tàbí 3 sílẹ̀, ẹ fi sílíkóònì dí i.

Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, íńṣì 3 bá ilé tí àjà rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9 mu. Tí àjà bá ga ju 10 lọ, 4 ló yẹ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ohun mẹ́ta wọ̀nyí lára ògiri yín:

Súìṣì iná. Láti etí férémù dé etí súìṣì, ṣé ó ju fífẹ̀ architrave tó bọ́ sórí ògiri lọ? Ẹ fi ó kéré tán íńṣì 1 sílẹ̀ láàárín wọn.

Igun ògiri. Àwọn bíríkìlà wa fẹ́ràn kí wọ́n fi ilẹ̀kùn há igun. Bí ó bá jẹ́ pé íńṣì 2 ló wà láàárín férémù àti ògiri ẹ̀gbẹ́, architrave oní-4 ò ní gba ibẹ̀. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kan tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ jẹ́ kí èkejì fẹ̀. Tóóró ni kí ẹ mú fún ẹnu ilẹ̀kùn yẹn lápapọ̀.

Kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà àti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì. Irin kọ́tìnnì kò gbọdọ̀ wà lára architrave, òkè rẹ̀ ni kí ó wà, nínú ògiri, íńṣì 2 sókè. Ojú tí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì bá sì ti ń ṣí, ẹ fa architrave sẹ́yìn ju 6 lọ títí hínjì nẹ́ẹ̀tì á fi rí àyè yí.

Bátànì ọlọ́pọ̀ kọ̀rọ̀ máa ń gbé eruku ọyẹ́ pamọ́. Ní ilé tó wà létí títì tí kò lọ́dà, ẹ mú èyí tó ní ìlà kan tàbí méjì. Èmi ò sọ pé kí ẹ má ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹnu ọ̀nà ni Yorùbá ti ń fi ọnà hàn tipẹ́: àtẹ́rígbà àti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum ló wà títí di òní. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé náà fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó yí ẹnu ilẹ̀kùn àti fèrèsé ká ní Pópó Àgùdà l'Ékòó. Ìyẹn ń fẹ́ ògiri gíga àti ilẹ̀kùn ńlá. Lórí ilẹ̀kùn 2½ báfúrúmù, á dà bí gèlè tó ju orí lọ.

---

OnílẹTuntun_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n. Bí Bíríkìlà_Abẹ́òkúta ṣe sọ ló rí: férémù dọ́gba pẹ̀lú ògiri nínú yàrá, ó rì ní mílímítà 32 ní ojú pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lójú tó dọ́gba náà, rírẹ́ yọ kókó ní ibì kan láàárín ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kan, ó fi bíi 8 yọ ju férémù lọ. Mo fara mọ́ búlọ́ọ̀kù ìdí. Báwo ni wọ́n ṣe ń kàn án gan-an? Ẹ̀rù igun òkè ń bà mí, torí ilé tí mo máa ń rí, igun yẹn máa ń là tí ọyẹ́ bá dé.

---

Ọ̀gá_Pákó

Ojú tó rì ni ká kọ́kọ́ yanjú. Kí wọ́n la igi líle tó nípọn 30, kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 32, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù funfun àti síkúrù de òun mọ́ ojú férémù, kó bá ògiri dọ́gba. Ẹ fà á sẹ́yìn ní 6 láti etí inú férémù, kí architrave náà sì tún fà sẹ́yìn ní 6 lórí rẹ̀. Ìyẹn sọ fífẹ̀ inú di 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ fi 12 kún òkè àti 6 kún ẹsẹ̀ ní ojú yìí. Òkè á di 1074 fún ilẹ̀kùn ńlá. Ó ṣì ń jẹ́ méjì nínú ọ̀pá 2440. Búlọ́ọ̀kù ìdí 110 ti gba apá kan lára ẹsẹ̀, ọ̀pá yín kò ní kù síbì kankan. Tí rírẹ́ bá ti tẹ̀ wá bo ojú férémù, kí wọ́n gé e kúrò kí igi yẹn tó lè kan férémù.

Kókó oní-8: ẹ gbé architrave síbẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà etí ìta rẹ̀. Ẹ ha rírẹ́ inú ìlà náà pẹ̀lú síséèlì irin, kí ẹ fi 3 sílẹ̀ kí ó tó kan ìlà. Ìta ìlà, kí ó rọra dagun wá sílẹ̀, ọ̀dà àti pọ́tì ògiri á parí rẹ̀. Ẹ má fi ìṣó fa MDF wọlé kó lè tẹ̀ lé ògiri tó wọ́, á padà fà yọ. Bí rírẹ́ bá kàn yọ ní 2 tàbí 3 jákèjádò, kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn architrave láàárín ní 3, kí etí rẹ̀ méjèèjì nìkan máa kan nǹkan. Igi gidi tí wọ́n bá fá fún yín ní láti ní kòtò ẹ̀yìn yẹn látilẹ̀.

Kíkàn rẹ̀. Ẹ gé igi kékeré kan tó nípọn 6 gẹ́lẹ́, òun lẹ máa fi samì sára férémù ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan, dípò kí ẹ máa ka tépù. Ẹ wọn igun sí igun ní ìdàkejì: bí tépù méjèèjì bá fi ju 4 lọ yàtọ̀, igun òkè yín kì í ṣe 90, gígé 45 ò sì ní pàdé. Ẹ gé àjẹkù méjì ní 45, ẹ gbé wọn sórí àmì igun yẹn kí ẹ wò. Bí inú bá ṣí, ẹ dín díẹ̀ kù lára gígé kọ̀ọ̀kan títí inú á fi pàdé. Bí ìta bá ṣí, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ìlàjì àṣìṣe ni kí ẹ gbé sára igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ òsì ni kí ó kọ́kọ́ dúró, ìṣó méjì péré, kí orí ìṣó ṣì wà níta. Lẹ́yìn náà òkè, tí ẹ gé gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní 3, tí ẹ sì dín kù nígbà tí igun òsì bá ti pàdé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kẹ́yìn. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gún ni kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù funfun sí igun, kí ẹ fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí òkè wọ inú ẹsẹ̀, kí ẹ wá kan ìyókù wọlé.

Ìlà ìṣó ti inú: ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ oní-íńṣì 1½, 12 láti etí, ìkọ̀ọ̀kan ní íńṣì 12 sí 14 síra, èyí àkọ́kọ́ ní íńṣì 3 láti ibi gígé. Meje lára ẹsẹ̀, mẹ́rin lára òkè. Lójú tí ẹ ti fi igi kún férémù, inú igi yẹn ni ìlà yìí máa wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún apá àti ìrókò, àti fún MDF níbi tó bá sún mọ́ ìpẹ̀kun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là. Apá tó wà lórí ògiri, ẹ má lo ìṣó kọnkéré: ó ń fọ́ rírẹ́, ẹ̀yin sì lẹ ṣì ń tún rírẹ́ yẹn ṣe. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ìkọ́lé fa ìlà kan, kí ẹ fi síkúrù oní-íńṣì 2½ àti fíṣà 6 sí ibi mẹ́rin lára ẹsẹ̀. Íńṣì 2½ ṣe pàtàkì: 18 ti MDF, 15 ti rírẹ́, nǹkan bí 30 ló tó kan búlọ́ọ̀kù. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, rírẹ́ nìkan ló dì mú.

Igun tó ń là nígbà ọyẹ́: igi ń súnkì ní ìbú, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Tí ìbú bá dín kù, gígé 45 kò jẹ́ 45 mọ́, apá inú igun á ṣí, ìta á ṣì máa kanra. Bí ẹ bá rí i tó jẹ́ ìta ló ṣí, igi ti mu omi wú nìyẹn. Nítorí náà ẹ má kan igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ìgbà òjò. Kí wọ́n fá a, kí wọ́n tò ó sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí igi wẹ́wẹ́ wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. MDF kì í fún yín ní wàhálà yìí.

---

Ẹ̀ṣọ́_Ilé

Tàbí kí ẹ má gé 45 rárá fún igi gidi. Búlọ́ọ̀kù igun onígun mẹ́rin ní òkè, fífẹ̀ rẹ̀ fi 6 ju architrave lọ, ó sì nípọn jù ú lọ ní 4. Ẹsẹ̀ àti òkè á kàn án ní gígé 90. Bí igi bá súnkì, òjìji etí búlọ́ọ̀kù á bo ìyàtọ̀ rẹ̀. Káfíńtà tí kò ní ẹ̀rọ mitre tí wọ́n fi ń gé 45 lè ṣe é dáadáa pẹ̀lú ayùn ọwọ́.

---

Pákó_Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣọ́ra fún fídíò òkè òkun tí ẹ ń wò lórí bí wọ́n ṣe ń kan architrave. Ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé lọ́dọ̀ wa ní London níbí, igi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi pátákó POP bò ó. Ìbọn ìṣó tí ẹ ń rí tí ìṣó ẹ̀ ń wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, igi ló ń kàn. Lára búlọ́ọ̀kù, ìlà inú nìkan nìyẹn lè ṣiṣẹ́. Architrave tí wọ́n ń tà níbí náà, igi rírọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹnì kan bá fẹ́ kó o wálé nínú kọ̀ńténà, kó rántí ikán.

---

Akunlé_Ọ̀ṣogbo

Kí wọ́n tó kàn án ni kí ẹ kun ẹ̀yìn àti gbogbo ojú gígé rẹ̀. Ìdí MDF máa ń fa ọ̀dà mu ju ojú rẹ̀ lọ, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi sáńdípépà 180 nù ún láàárín. Fún igi gidi tí ẹ fẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn, síílà ni ẹ̀yìn àti iwájú, ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan má baà mu ọ̀rinrin kó lọ́ mọ́ èkejì.

Póńṣì ni kí wọ́n fi tẹ orí ìṣó wọlé ní 2, pọ́tì igi á dí i. Etí tó kan ògiri yàtọ̀. Ẹ má fi pọ́tì tàbí POP dí ibẹ̀, ó le jù, á sán ní ọyẹ́ àkọ́kọ́. Àkírílíìkì tó ń fà ni, èyí tó ṣe é kun ọ̀dà lé. Sílíkóònì lásán kì í gba ọ̀dà, ilẹ̀ àti báfúrúmù ni kí ó mọ.

---

OnílẹTuntun_Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó ku ẹyọ kan: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ tó?

---

Bíríkìlà_Abẹ́òkúta

Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ìwọ̀n bébà kan, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń pẹ́ gbẹ jù. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ kejì ní irú wákàtí kan náà. Bí omi bá ṣẹ́ sí inú ọ̀rá tàbí tí ògiri abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, kò tíì yá. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún un ṣe. Ní àkókò yẹn, káfíńtà lè máa bá igi tí ẹ fẹ́ fi kún férémù àti búlọ́ọ̀kù ìdí lọ, ẹ̀yìn wọn ṣì ń gba oògùn ikán.